Lẹ́ńsì Tó Ń Fẹ́ Àyè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta òrùka, yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù lòun máa ń wà, tí yóò máa bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀yìn lèmi wà, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí mò ń ya fótò ọjà náà fún àwọn tó ń rà á lórí fóònù. Tábìlì kan, iná méjì, àti àpótí irin tí à ń kó wúrà sí. Tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo ti kan ògiri lọ́tùn-ún lósì.

Kì í ṣe pé mo kórìíra òrùka. Ṣùgbọ́n òrùka kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú, kì í purọ́ ọjọ́ orí. Ojú èèyàn ni mo fẹ́ máa yà. Obìnrin kan tó ní ilé fótò ńlá sì ti rí iṣẹ́ mi, ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ìdáhùn mi ló ń retí.

Níbo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Òun ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́ fótò, òun ló ra kámẹ́rà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi dúpẹ́ o. Mo ti dúpẹ́ títí, eékún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún mi ìgbà tí ọpẹ́ ń tó?

Nígbà tí lẹ́ńsì tí mo fi ń ya òrùka já bọ́, tó fọ́, kò tilẹ̀ bá mi wí. Ó ní, "Lọ yan òmíràn tó bá wù ọ́." Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ká ní ìkà ni, mi ò bá ti lọ tipẹ́.

Ọkùnrin tó ń ta lẹ́ńsì gbé méjì kalẹ̀ fún mi, kúkurú àti gígùn. Lẹ́ńsì màkírò ni àwọn méjèèjì, irú èyí tó máa ń sún mọ́ nǹkan tíńtín débi pé òrùka kan á gba gbogbo fótò. "Ẹ lè fi wọ́n ya ojú èèyàn náà," ó ní, "ṣùgbọ́n ìwà wọn ò papọ̀."

Mo fi kúkurú wo òun fúnra rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó kún fótò, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Imú rẹ̀ wú, etí rẹ̀ sì sá pamọ́ sẹ́yìn. Mo fi gígùn wò ó. Mo ní láti sún sẹ́yìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú náà jókòó dáadáa, imú dúró sáyè imú. Mo tiẹ̀ wá rí i pé ọkùnrin náà rẹwà, ohun tí mi ò kíyè sí nígbà tí mo wọlé.

"Báwo ni yàrá iṣẹ́ yín ṣe fẹ̀ tó?" ó bi mí. "Torí gígùn yìí ń fẹ́ àyè. Fún òrùka, kò síbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Tó bá di ojú èèyàn nínú yàrá tóóró, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri kí ẹ tó rí ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lọ."

"Ó fẹ̀ dáadáa," ni mo wí. Irọ́ gbuu. Mo ti dá ọgbọ́n kan: ohun tí ẹnu mi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ògiri bá mi sọ ọ́. Tó bá fojú ara rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ mi ti ju yàrá yẹn lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí n máa lọ. Ojo ni mí, mo mọ̀. Gígùn ni mo rà.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ yẹtí tuntun dè mí. "Èmi gan-an ni kó o kọ́kọ́ yà, ká fi sára pátákó ìta." Ó jókòó sídìí tábìlì, ó tún gèlè ṣe. Mo ń sún sẹ́yìn, mo ń sún sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn mi fi gbá ògiri.

"Ṣé ojú mi ti wọlé?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìkan ni, Àǹtí."

"Sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i."

"Mo ti kan ògiri."

Nínú lẹ́ńsì, ẹyinjú rẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń rí báyìí, ó ń wo ògiri lẹ́yìn mi, ó ń ro nǹkan. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ti ń múra ẹkún ìdágbére.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan ògiri náà kó, kó, kó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, kí ló dé tí o ò sọ látọjọ́ yìí? Ibí ti há jù fún ọ! Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ń kó lọ. Màá gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ó wó ògiri yìí. Wàá máa ya òrùka, wàá máa ya ojú, kò ní sídìí tí wàá fi wá ibì kankan lọ mọ́ láyé."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí."

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà wó ògiri, obìnrin ilé fótò pè mí. Mo ní kó má bínú, mo ti rí àyè níbí. Ó kí mi kú oríire tọkàntọkàn. Mo fi fóònù sápò, mo dúró láàárín yàrá tó ti fẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ekuru ló kó sí mi lójú. Ó sáré wá, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì ń rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.