Orúkọ Tó Wà ní Ẹsẹ Ìkẹyìn

Ó ti yọ ọ́. Hafsoh ti yọ orúkọ mi kúrò nínú orin náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ tí n ó gbà. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní wákà... Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ dópin. Kí n rọra ná. Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà láàárọ̀ yìí, mò ń bọ̀ láti ọjà Kure, àpò ẹ̀wà wà lórí itan mi. Àfi bí ohùn ọmọ náà ṣe bú jáde létí mi láti inú ẹ̀rọ orin oníkẹ̀kẹ́. Ohùn Hafsoh, orin tèmi. Orin tí mo dá ní wòlímọ̀ ilé kéwú wa lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí gbogbo ọmọ Ìlọrin tó wà ní Minna fi mọ̀ mí.

Òwú ń tán lọ lójú abẹ́rẹ́,
Aṣọ tí mò ń rán ò tíì délẹ̀,
Aláàánú, má jẹ́ n délé níhòhò.

Kò pa ọ̀rọ̀ kan dà. Ó kàn lọ fi dùùrù sí i lábẹ́ ni — dùùrù! — bí ẹni pé orin náà ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Mo gbójú fò ó. Ẹsẹ ìkẹyìn ni mò ń dúró dè, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwa tí à ń kọ wákà, ibẹ̀ la ti ń dárúkọ ẹni tó ṣe orin, kí àwọn tó ń gbọ́ lè ṣe àdúà fún un, kí wọ́n ní Àmín. Ẹni tó bá yọ orúkọ ẹni níbẹ̀, orúkọ nìkan kọ́ ló jí. Àdúà ẹni ló jí. Láádá ẹni ló ń jẹ.

Ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni fóònù oníkẹ̀kẹ́ dún. Ó pa orin. Mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kó parí. "Haba, Hajiya, yi hakuri," ló wí, pé kí n ṣe sùúrù, ló bá gbé fóònù sétí títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mi ní Sauka Kahuta.

Fàthíà ọmọ mi ti wá orin náà sórí fóònù mi kó tó jáde nílé. Fóònù náà nìyí lórí ẹní. Mo ti kírun Àsárì tán, mo ti ṣa ẹ̀wà tán, n kò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù kọ́. Kí ni yóò máa bà mí lẹ́rù nínú orin ara mi?

Ìfura loògùn àgbà. Ó yẹ kí n ti fura látìgbà ààwẹ̀, nígbà tó gbé dàbínò wá kí mi. Ibí yìí gan-an ló jókòó sí. "Ìyá, ẹ bá mi kọ ẹsẹ kẹta, ó ń dàrú mọ́ mi lójú." Fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀, mo rí i. Mo rí i, mo sì kọ ọ́, torí ẹnu ọmọ náà dùn. Ó wá ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ronú kan ọ̀rọ̀ òwú yìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ránṣọ."

Kí ló dé tó fi bèèrè ìyẹn? Ta ló rán an? Àbí ẹnì kan ti bá a sọ nǹkan ní Chanchaga... Mo rẹ́rìn-ín ni. Mo ní Ọlọ́run ló ń fúnni. Irọ́ kọ́. Ọlọ́run ló ń fúnni. Ẹni tó fún ni n kò dárúkọ.

Ó tó. Hafsoh là ń sọ.

Labibah kò bínú sí mi rárá. Ọ̀rẹ́ mi ni, aránṣọ Chanchaga, ẹni tí iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ mú ohùn rẹ̀ lọ tó fi ku bíńtín. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti kọ orin náà sí mi létí, tó ń dúró já òwú lẹ́nu láàárín ẹsẹ. Ṣùgbọ́n mo tún un ṣe! Níbi tó ti ní "Ọlọ́run mi", èmi ni mo sọ ọ́ di "Aláàánú". Ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo... Òun náà ló sì ní, "Mú un lọ, Ràhímátù. Ìwọ lo lóhùn." Kò ní kí n dárúkọ òun. Àbí ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn fún akọwákà? Ọmọdé ilé kéwú mọ̀ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Hafsoh yọ orúkọ. Èmi ni mo yára mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Kí n kúkú tẹ̀ ẹ́.

Dùùrù. Òwú. Ẹsẹ kẹta... ẹsẹ ìkẹyìn rèé. "Ẹni tó ṣe orin yìí, Ràhímátù ìyá wa ni. Ọlọ́run ṣe é lẹ́ni Àlùjánnà, ẹ bá mi ṣe é ní Àmín." Àwọn elégbè ní Àmín. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi orúkọ bàbá mi kún un.

Kò yọ ọ́. Ọmọ náà kò yọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ojú ló ń tì mí. Ká ní ó yọ ọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Nísinsìnyí, nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ ìlú yìí, èmi ni wọ́n ń ṣàdúà fún, Labibah sì ti pé ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀, kò lè ṣàdúà fúnra rẹ̀ mọ́.

Ìlà kejì ló jókòó sí lọ́jọ́ wòlímọ̀ yẹn. Mo rí i. Nígbà tí mo dé ẹsẹ ìkẹyìn, ó gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Mo wo ojú rẹ̀, mo pe Ràhímátù. Gbogbo àgbàlá ní Àmín. Ètè rẹ̀ náà sì mì. Ó ṣe Àmín sí orúkọ mi, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un.