Ibi Tí Ìmọ́lẹ̀ Náà Ti Ń Pòórá

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá Òkè fi parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, irọ́ náà ò sì ju pé òun ń rí ohun tí òun ò rí.

Ọ̀gá Òkè kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn bíríkìlà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọdún mọ́kàndínlógún, inú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lórí kírénì, ẹ̀rọ gíga tó ń gbé irin àti búlọ́ọ̀kù lọ sókè ilé, ló ti ń jẹun ọ̀sán. Òun náà sọ ìyàwó rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́. Télọ̀ ni obìnrin náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bó bá gún èèyàn lọ́rọ̀, onítọ̀hún á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé ó dun òun.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókèèrè, ló kó wọn sínú ọ̀ràn yìí. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan wà lókè réré tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, tó ń yí ayé po tọ̀sán-tòru, àti pé bó bá ń kọjá lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ojú lásán lè rí i bí ìràwọ̀ tó ń rìn. Ó wá ń fi àkókò tó máa gba orí ilé wọn kọjá ránṣẹ́ sórí fóònù. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé wọn ò rí yàrá háyà nílẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó juwọ́ sí wọn, ó tiẹ̀ kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. Àtìgbà náà, bí àkókò bá ti ń sún mọ́, tọkọtaya á gbé àga méjì lọ sẹ́yìnkùlé. Ìmọ́lẹ̀ náà á yọ lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀, á gba òkè orí wọn kọjá láìpariwo, á sì wọ lẹ́yìn òrùlé ilé ìwé lápá ìlà oòrùn.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, ọkọ̀ náà pẹ́ kó tó dé. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa nígbà tó yọ. Ó ń bọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́, ó gba orí wọn kọjá, àfi bó ṣe kọjá táǹkì omi aládùúgbò báyìí tó pòórá. Kò sí kùrukùru lójú ọ̀run, kò sí ewé tó bò ó. Àwọn ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Òun nìkan ló lọ.

Àyà Ọ̀gá Òkè já. Bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nìyẹn. Ibì kan á ṣàdédé ṣófo nínú ohun tí bàbá ń wò, adìyẹ á rìn débẹ̀, kò ní rí i mọ́. Kó tó di ọdún kẹta, ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ balùwẹ̀. Ọ̀gá Òkè gan-an ni ọmọ ọ̀hún.

Kí ìyàwó rẹ̀ má bàa fura, ó na ìka sí òfìfo, ó rọra ń gbé e lọ sápá ilé ìwé.

"Wò ó bó ṣe ń lọ," ló wí.

"Mo ń wò ó," ni Abẹ́rẹ́ fèsì. "Ó tiẹ̀ dán ju ti ọjọ́sí lọ."

Ìyẹn ló wá pa á tán. Ó dán, obìnrin náà sì ń rí i! Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ náà tún pẹ́ jùyẹn lọ, kò sì tiẹ̀ dé orí táǹkì tó fi pòórá. Ọ̀gá Òkè tún nàka. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bákan náà. Ẹni tó bá rí wọn láti ojú fèrèsé á rò pé ìfẹ́ ló ń pa wọ́n.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó fi kírénì gbé ìdì irin kan sókè. Àwọn lébìrà ń po kọnkéré nísàlẹ̀. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Ó tún wọn kà. Ta ló mọ̀ bóyá márùn-ún ni wọ́n, tí ẹnì kan dúró síbi tó ṣófo lójú rẹ̀ yẹn? Ó rọra sọ ẹrù náà kalẹ̀ jìnnà sí gbogbo èèyàn, ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ fún fọ́máànù pé ẹ̀yìn ń dun òun. Nínú ọkàn rẹ̀, iṣẹ́ ti tán. Kò ní gbé irin kọjá lórí ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Ó bá Abẹ́rẹ́ nídìí máṣíìnì, aṣọ ilé ìwé jọ gègèrè síwájú rẹ̀.

"Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀," ló wí.

"Ta ló bá yín jà?"

"Ojú mi ni. Láti Fúráìdé ni mi ò ti rí ọkọ̀ yẹn dé òrùlé ilé ìwé. Ó ń pòórá mọ́ mi lójú láàárín ọ̀nà. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Ohun tó ṣe bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí."

Abẹ́rẹ́ dá máṣíìnì dúró. "Níbo ló ti ń pòórá?"

"Lọ́jọ́ Fúráìdé, bó ṣe kọjá táǹkì omi. Lọ́jọ́ Sátidé, kò tiẹ̀ débẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ibẹ̀ náà ló ti pòórá lójú tèmi."

"Ìwọ tó o ní ó dán?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ nàka! Ẹ̀ ń nàka bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. Mo ní ojú mi ló lọ yẹn. Télọ̀ tí ò ríran, kí ló kù? Mo bá ń tẹ̀ lé ìka yín."

Ọ̀gá Òkè ò tíì fẹ́ yọ̀. Ó mọ obìnrin yìí. Ó lè pa irọ́ tó tóbi jùyẹn lọ láti fi tù ú nínú. Abẹ́rẹ́ náà ń wò ó tìfura-tìfura, torí ohun kan náà ló ń rò nípa tirẹ̀. Wọ́n bá fi àdéhùn sí i pé lálẹ́ yẹn, àwọn á di ọwọ́ ara àwọn mú, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ náà bá pòórá lójú rẹ̀, kó fún ọwọ́ ẹnì kejì pinpin.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọkọ̀ yọ lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ tutù nini. Ọ̀gá Òkè ò ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé òkè orí wọn, ó kọjá. Ó wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyín iná tó fẹ́ kú, ó sì kú. Ọ̀gá Òkè fún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn náà fún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ṣáájú.

"Ó ti lọ!" Àwọn méjèèjì ló pariwo. Ajá alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ọ̀gá Òkè fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i níbi iṣẹ́! Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣú. Wọ́n á ti tanná nílẹ̀, oòrùn á ṣì wà lójú èmi tí mo wà lókè. Tó bá yá, òkùnkùn á gòkè wá bá mi. Oòrùn ló ń ràn sára ọkọ̀ yẹn tá a fi ń rí i, òun tó ga ju kírénì lọ fíìfíì. Bó bá ti wọ inú òkùnkùn lókè ọ̀hún, ó tán. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó dé náà ni yóò ṣe tètè wọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣì máa lọ rí dókítà ojú," ni Abẹ́rẹ́ wí, "nítorí ti bàbá yín. Èmi náà á bá yín lọ."

"A jọ ń lọ ni."

Ara tu Ọ̀gá Òkè, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ mọ ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Mo ń dijú fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mo ti ń rí mẹ́rin ṣe. Mo ní kí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú tó lọ tán." Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi ń múra sílẹ̀?"

Ọ̀gá Òkè ò rẹ́rìn-ín. "Mo ń jí ṣáájú ẹ."

"Kẹ́ ẹ lè ṣe kí ni?"

"Kí n lè wò ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, màá máa wò ọ́ bó o ṣe ń sùn. Mo ń wò ọ́ sílẹ̀ ni, de ọjọ́ tí mi ò ní lè rí ọ mọ́."

Abẹ́rẹ́ jókòó tì í nílẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú ara rẹ̀, ó sì nu ti ọkọ rẹ̀ náà.

"Ẹ ò bá tiẹ̀ ti jí mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "kí n tún irun mi ṣe."