Eyín Tí Mo Fi Òwú Fà

Àfọwọ́fà ni, mi ò lẹ́nìkan tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Télọ̀ ni mí, kò sì sí eyín ọmú kan nínú ilé wa tí mi ò fi òwú tí mo fi ń gán bọ́tìnnì fà yọ. Ẹ̀gbọ́n àbíkẹ́yìn mi méjèèjì, ọwọ́ mi ni wọ́n ti pààrọ̀ eyín. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wá pé ọdún mẹ́wàá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pààrọ̀ tiwọn, tí eyín ọmú méjì ṣì jókòó lápá ọ̀tún àti òsì eyín iwájú rẹ̀, kékeré bí ẹyọ ìrẹsì, ara mi ò gbà á mọ́.

"Màmá, kò tíì mì o," ló wí.

Mo ní kó yanu. Mo sọ fún un pé eyín àgbà ti ń dúró lábẹ́, mo so òwú mọ́ ti ọ̀tún, mo fà á tu. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọmọ ń sunkún, èmi ọ̀dájú tún ń pè é ní ojo.

Oṣù mẹ́jọ kọjá, eyín kankan ò hù níbẹ̀. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Obìnrin náà ya ẹ̀síréè, ó ní kò sí eyín kankan lábẹ́ àlàfo yẹn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

"Ó wọ́pọ̀, Màmá. Nínú kíláàsì kan, ẹ lè rí ọmọ kan tàbí méjì tí eyín wọn ò pé. Ti ẹlòmíì á lé."

"Èyí tí mo fà yẹn ńkọ́, ká ní mo fi í sílẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe kó bá a dàgbà."

Inú mi bà jẹ́ débi pé mi ò lè wo ojú ọmọ mi. Dókítà ní ti òsì náà ò ní arọ́pò, ká máa gẹ̀ ẹ́ bí ẹyin. Ó fọwọ́ kàn án, ó yíjú pa dà sí ẹ̀síréè.

"Gbòǹgbò rẹ̀ le dáadáa. Kí ló wá ń mì í?"

Ọmọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. "Èmi ni mò ń mì í láràárọ̀, kó lè já fúnra rẹ̀ kí Màmá tó mú òwú."