Ẹni Tó Kọ̀ Láti Bọ́ Kòkòrò

Kò sí ẹni tí Ọ̀gá Télọ̀ kì í fojú tín-ín-rín. Oníbàárà tó bá sanra, á ní téèpù òun kò gùn tó ọ̀nà oko. Èyí tó bá rù, á ní igi ló fẹ́ kí òun dá ṣòkòtò fún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá á ní òun náà ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, ti òun sì ń mú aṣọ jáde. Kí ni tirẹ̀ ń mú jáde ju igbe ọmọdé lọ?

Ṣùgbọ́n ìdí kò mọ ọ̀gá. Àìlèyàgbẹ́ há a mọ́lẹ̀ títí jẹ̀díjẹ̀dí fi yọ sí i, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló fi ń jókòó ti maṣíìnì. Télọ̀ tí kò bá lè jókòó, kí ló kù ju kó ti ṣọ́ọ̀bù lọ?

Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń dán ìyẹ̀fun kan wò lára àwọn tí inú wọn kì í ṣí. Èso ni wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀. Àràárọ̀ ni àwọn aláìsàn á pò ó mọ́ omi mu, wọn á sì máa gbé ìgbẹ́ wọn wá nínú ike kékeré fún àyẹ̀wò.

“Inú gbogbo wa ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín ń gbé, Ẹ̀gbọ́n mi,” nọ́ọ̀sì sọ fún un. “Ìyẹ̀fun yìí loúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá yó, wọ́n á bá yín ṣiṣẹ́, ìgbẹ́ á sì rọ̀. Ẹ má ṣáà lo oògùn mìíràn láìsọ fún mi.”

“Kí n fi ẹnu ara mi bọ́ kòkòrò? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé nìyẹn?”

Ó yínmú sí i, ó sì mu ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdè tú. Ọkùnrin náà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò làágùn, kò kérora, ó ń súfèé jáde. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ló bá òun yà á ni?

Ká ní ó mọ níwọ̀n, ìbá dára fún un. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì dá a lójú pé àwọn kòkòrò ọ̀hún ló ń sanra.

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀. “Wọ́n ti bá mi ṣí inú tán. Kí ni mo tún ń bọ́ wọn fún?”

Ìyàwó ní kó bi nọ́ọ̀sì. Ó pòṣé, ó gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ, ó ní kó fún òun ní apakòkòrò tó le. Oníkẹ́míìsì náà, tí kì í béèrè ohun tó ń ṣe ènìyàn kí ọjà má baà bọ́, kó kápúsù aláwọ̀ méjì fún un. Ọ̀mọ̀ràn wa gbé gbogbo rẹ̀ mì. Inú kọ́kọ́ ṣí bí omi, ó ń yọ̀ pé òkú wọn ló ń jáde. Lẹ́yìn náà ló tì gbọn-in ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, jẹ̀díjẹ̀dí sì tún dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ló bá gba ilé ìwòsàn lọ, ó fẹ́ lọ bá nọ́ọ̀sì jà pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó lo nǹkan mìíràn. Ó na àyà síwájú, ó ní òun ti pa gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí wọra, nítorí òun ló dúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tó ń darí ètò náà.

“Àwọn tí ẹ pa yẹn ló ń bá yín ṣiṣẹ́,” ó ní. “Dókítà á yọ yín kúrò nínú ètò yìí lónìí.”

“Fún mi ní ìyẹ̀fun mìíràn. Màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

“Ta ni ìyẹ̀fun náà á máa bọ́?”

Ọ̀gá Télọ̀ sún mọ́ ọn. Ó di etí tábìlì mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi ṣe é.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ rí.

“Àwọn kòkòrò yẹn lè padà, wọ́n sì lè má padà, Ẹ̀gbọ́n mi,” nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. “Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀.”