Ìyàwó Mi Ń Gbá Eruku Ìràwọ̀

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo sùn lọ lórí àga. Bọ́lá, ọmọ mi, ń lọ aṣọ nítòsí.

Mo bá ara mi nídìí awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀ ní yunifásítì tí mo ti ń fi àgbà kàwé. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá àwọ̀ elésè àlùkò, tí ojú lásán kì í rí, ni awò náà ń gbà. Gáàsì àti eruku tẹ́ pẹrẹsẹ yí ìràwọ̀ kékeré kan ká. Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi tó ti kú, wọ́n omi sí i, ó ń gbá a.

Olùkọ́ wa ní, "Bàbá, ẹ dá wọn dúró. Eruku yẹn ló ń di ayé."

Mo pe ìyàwó mi. Kò bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bí mo bá gbá a tán, mò ń lọ nìyẹn."

Mo wọ inú awò, mo ń bu eruku dà sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń yára, èmi náà ń yára. Nígbà tó ku ibi kékeré kan, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ gbẹ́sẹ̀."

Mo gbé e.

"Bàámi, kí lẹ ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún?" Bọ́lá ló ń bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí yàrá ìyá rẹ̀ tí mo ti tì pa látìgbà tó ti kú, mo sì gbá a.