Ọwọ́ Tí Mo Fi Dì Í Mú

"Mọ́mì, tí nǹkan bá tún dún gbàù, ọwọ́ wo lẹ máa fi dì mí mú?"

Ọwọ́ wo... Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ní kí a na iyọ̀ sí òun. Ata sísun ti mú kí imú rẹ̀ máa ṣomi, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi. Wade, bàbá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì nu àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lorraine, ìyá Wade, tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dìde lọ wo kọfí tí ẹnikẹ́ni ò gbé kaná. Èmi ńkọ́? Mo ní, jẹun, Josie, oúnjẹ ń tutù.

Oúnjẹ ń tutù! Ohun tí ìyá rí sọ nìyẹn.

Wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́ báyìí. Ọ̀sán Sunday ni. Mo dùbúlẹ̀ ti Josie lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó lè fojú kan oorun, kò sì sùn. Ó di ọwọ́ òsì mi mú. Òsì ló máa ń wà. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn rìn, òsì ni ipò rẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ ti ìbọn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ṣùgbọ́n tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á rìn yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ká, á wá dúró sí òsì mi, bí àgùntàn tó mọ ẹnu ọgbà rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni. Mo kọ́ ọ láìlanu.

Sùn, ọmọ mi. Sùn, kí n lè ronú.

Ìbọn ìléwọ́ méjì wà nínú àpótí irin nísàlẹ̀. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan lọ sí pápá ìyìnbọn, kí n yìn ín níwájú Sájẹ́ǹtì Trujillo, kó wo ibi tí ọta bà, kó tó gbà pé èyí ni èmi, Renata Kochevar, lè máa gbé nígbà tí mi ò bá wọ aṣọ ọlọ́pàá. Èyí tí mo bá mú ni yóò máa bá wa lọ ra mílíìkì. Òun ni yóò máa bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìbọn ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹni ń yan bàtà tí yóò bá aṣọ mu.

Ọ̀kan pẹlẹbẹ. Mo ti ń gbé e ní ìbàdí láti ìgbà tí Josie ṣì ń rákò. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe òun àti èyí tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dì í mú nínú òkùnkùn, ọwọ́ mi ò mọ̀ pé kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Èkejì kékeré, ikùn rẹ̀ ń yí, ọta márùn-ún péré ló ń gbé. Òun ni mo rà ní Monday. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé.

Sátidé... Rárá, mi ò fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo ti padà síbẹ̀.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ni. Oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìlú Pueblo ń rùn ata sísun. Ọkùnrin aláta ti gbé àgbá alásẹ́ tó fi ń sun ata lórí gáàsì síbi tó ń gbé e sí lọ́dọọdún, àwọn èèyàn tò. Josie wà ní òsì mi, ó ń kọrin. Gáàsì pẹ́ kó tó gbaná, nígbà tó sì gbà á, ó dún gbàù! Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Mi ò tíì mọ orúkọ ara mi tí mo ti mọ ìró yẹn. Etí mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò béèrè lọ́wọ́ etí.

Ọ̀tún lọ sí ìbàdí. Òsì — òsì lọ ká etí ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ìbọn tó bá wà lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ méjì ló ń gbà: ọ̀kan á ká aṣọ, èkejì á fà á yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ òsì, èèyàn á kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Páálí ẹyin. Ohunkóhun.

Ohunkóhun...

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn bọ̀. Josie ti sá lọ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ, nítorí kò sí ọwọ́ kankan tó ń sọ fún un pé ibí ni. Màmá àgbà kan ló ju àpò ata rẹ̀ nù, tó fi kọ́là ẹ̀wù fa ọmọ náà kúrò lọ́nà. Ata fọ́n ká ilẹ̀, táyà sì gorí wọn. "Ta ló ni ọmọ yìí? Ẹ̀yin èèyàn, ta ló ni ọmọ yìí?" Mo dúró síbẹ̀. Ìka mi wà lórí ìdí ìbọn, ikùn mi wà níta lójú gbogbo ayé. Ẹnu mi ò lè sọ pé èmi ni mo ni ín.

Ta ló ni ọmọ yìí.

Aláta ti na apá méjèèjì sókè. "Ata ni o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ata ni mò ń sun!"

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ti sọ ìyẹn di orin. Ní Monday, mo bá ata tútù kan tí wọ́n so mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù mi ní tẹ́ṣàn. "Ata ni o, Kochevar! Má yìn ín!" Ọmọbìnrin tó ń gba ìpè náà bá wọn dá sí i lórí rédíò: "Gbogbo ọkọ̀, gbogbo ọkọ̀, a rí ata kan tó ń sá lọ, ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi ni mo sọ ìtàn náà fún wọn, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Mo sọ ti gáàsì. Mo fi bí ọkùnrin náà ṣe nawọ́ sókè hàn wọ́n. Mi ò sọ ti Josie. Ìtàn náà dùn nítorí mo yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀.

...Ó ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ ṣì là. Má wò mí, Josie.

Kékeré yẹn, nígbà tí mo rà á, mo rò pé ìdáhùn ni. Inú àpò kóòtù ló ń gbé. Kò sí aṣọ tí èèyàn máa ká. Ọ̀tún á ti wà nínú àpò, òsì á wà lọ́wọ́ ọmọ. Ọwọ́ kan fún iṣẹ́, ọwọ́ kan fún ilé — omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi lórí káńtà ọlọ́jà. Trujillo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó bí ẹni ń wo eyín ọmọdé tó ká. "Ọta márùn-ún. Tí àwọn olè bá wá jẹ́ mẹ́fà ńkọ́, Kochevar? Kí ẹni kẹfà padà wá lọ́la?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ gbìyànjú wò ní pápá, mo so okùn mọ́ òpó, mo fi òsì di okùn náà mú, mo ń fì sẹ́yìn kó lè máa fà mí bí ọmọ tó ń bẹ̀rù ṣe máa ń fani. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìbọn bá ṣe kéré tó ni ó máa ń tani lọ́wọ́ tó. Ọta méjì ba bébà. Àwọn yòókù — Trujillo ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nawọ́ sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó ń gba ọta dúró lẹ́yìn bébà. "Ọta tó bá ṣìnà, orúkọ rẹ ló ń jẹ́. Ẹni tó bá bà, ìwọ lo bà á."

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò ní òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Àwọn màmá àgbà tó gbé àpò ata ló wà níbẹ̀.

Èyí tí mo lè fi bá nǹkan, kò jẹ́ kí n di ọmọ mi mú. Èyí tó jẹ́ kí n di ọmọ mi mú, ọmọ ọlọ́mọ ni mo máa fi bà.

Lorraine ti gbọ́ èmi àti Wade nígbà tí a ń sọ ọ́. "Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi? Mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n." Mo ní, Màmá, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó fà á. "Ẹ̀n-ẹ́n, kí o ní kí olè jọ̀ọ́ dúró, ò ń so okùn bàtà." Ó ń bó ata lọ, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ ọ́: "Bàbá Wade ò fi ọwọ́ kankan di Wade mú rí. Kò sì gbé ìbọn." Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi tù mí nínú ni.

Wade, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀ nílé. "Èmi ò kúkú ń gbé iná ilé irin wálé." Ó rọrùn fún un. Irin tó ń yọ́ ò lè dá a mọ̀ nílé epo.

Baca fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé. Alábàáṣiṣẹ́ wa ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó ń ra yìnyín tí wọ́n fẹ́ fi tu ọtí nínú, ẹnìkan tí Baca ti fi òfin mú rí dá a mọ̀, onítọ̀hún gbé irin tí wọ́n fi ń tú táyà... Ojú kan ló kù fún Baca. Mo wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ṣáá: "Ó ní yìnyín lòun fẹ́ lọ rà. Yìnyín lásán." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ wo ni mo fi dì í mú?

Òsì.

Dájúdájú, òsì ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, tipẹ́ kí Sátidé yẹn tó dé, mo wọ gáréèjì, mo tilẹ̀kùn, mo kó ọta kúrò nínú ìbọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ mi. Òsì ká aṣọ, ọ̀tún fà á. Òsì ká aṣọ. Ọ̀tún fà á. Trujillo ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: "Ọwọ́ kì í ronú. Ohun tí o bá kọ́ ọ ló máa ṣe, yálà ó fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀." Lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Màá mú páálí mílíìkì òfìfo dání ní òsì kó lè dà bíi pé lóòótọ́ ni, màá jù ú sílẹ̀, màá ká aṣọ. Josie á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa gbọ́ bí páálí ṣe ń já lulẹ̀. "Mọ́mì, kí lẹ tún jù sílẹ̀?" Kò sí nǹkan, ọmọ mi. "Ẹ máa ń ju nǹkan sílẹ̀ gan-an o!"

Kò sí nǹkan...

Ọlọ́run mi.

Láti Sátidé ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ṣàṣìṣe. Pé ẹ̀rù ba ọwọ́ mi. Mo ti bínú sí i, mo ti ra ìbọn tuntun torí rẹ̀. Kò ṣàṣìṣe. Kò tíì ṣe nǹkan tó pé tó yẹn rí. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Èmi ni mo dúró nínú gáréèjì lálaalẹ́ tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ọmọ mi sílẹ̀, ọmọ mi sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń dì í mú, mi ò kọ́ ọ lálẹ́ kan. Mo rò pé ìyẹn ò gba kíkọ́.

Ìsàlẹ̀ ti ń dákẹ́. Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n Wade ò pariwo mọ́ sí ẹnikẹ́ni. Yóò ti na gbọọrọ lórí àga, yóò ti bọ́ bàtà kan, kó fi èkejì sẹ́sẹ̀. Lorraine ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe dún, mo sì gbọ́ han-ìn-hanrun kékeré tó máa ń sẹ́ tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Josie... èémí rẹ̀ ti wúwo. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ata ṣì pọ́n létí ètè rẹ̀. Ó ti sùn. Ó ti sùn láìgba ìdáhùn.

Kí ni màá mú lọ lọ́la? Pẹlẹbẹ. Mo rò pé pẹlẹbẹ ni. Tàbí — mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ìbọn, ẹ dúró síbi tí ẹ wà.

Gbàù!

Ẹ̀yìn ọkọ̀ aládùúgbò ni, ó pa á dé. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀tún mi sì ti dé ìbàdí, níbi tí kò ti sí nǹkan kan ju bẹ́líìtì lọ. Òsì mi sì ń ṣí. Mo ń wò ó. Ìka ń tú kúrò lára ìka, bó ṣe ń tú lára páálí mílíìkì —

Kò lọ.

Josie ò jí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ò mì. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kékeré márààrún ti ká mọ́ àtàǹpàkò mi, wọ́n le dan-in bí ìdè. Kò sí ẹni tó lè fi oorun ṣe irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ àfi ẹni tó ti kọ́ ọ. Láti Sátidé wá: nínú ọkọ̀, nídìí tábìlì, lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, àtàǹpàkò tó ń pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, tó ń wá ibi tí yóò dì mú. Mo rò pé ó ń ṣeré.

Ọwọ́ kì í ronú.

Ọwọ́ wo, Josie? Tìrẹ ni. Láti Sátidé, tìrẹ ni.

Gbogbo ilé ti sùn. Mo dá ọ̀tún mi padà láti ìbàdí, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí, kò mọ̀ ju ibì kan lọ. Mo gbé e lé orí ọwọ́ Josie. Wúwo ni, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e síbẹ̀.