Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Fa Òkè

“Mọ́tò tí mo gbé irú ẹ́ńjìnnì yìí sí ní Ìsánlú,” ni Philip mẹkáníìkì wí, ó ń lu àyà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, “nígbà tí ó gun òkè, òkè ló rẹ̀! Òkè náà jókòó. Títí di òní, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ibẹ̀.”

Jethro kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀rín. Orí àpótí ló jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà Philip ní Kabba, ẹ̀yìn ń ro ó bí ẹni pé wọ́n gún iyán lé e lórí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìdí òkè Odò-Àpẹ ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dúró sí, tí ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n gbé iṣu wọn rù, wọ́n ń fẹsẹ̀ gùn ún. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣunbíyìí, ìyá rẹ̀, tí ó ń gbé lọ sí ọsíbítù ní Kabba nítorí orúnkún, kò lè rìn. Jethro pọ̀n ọ́n gun òkè yẹn kí ó tó padà wá bá mọ́tò. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Òní ni yóò dá ìyá padà sílé, dókítà sì ní kí ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Láti òwúrọ̀ ló ti ń yan ohun tí yóò fún mọ́tò lágbára. Ó ní bóyá kí wọ́n pààrọ̀ ríìngì nìkan. Philip ní ríìngì tuntun nínú ẹ́ńjìnnì arúgbó, eyín tuntun lẹ́nu òkú ni. Ó ní bóyá kabúrétọ̀ tó tóbi, kí epo lè máa wọlé dáadáa. Philip ní ṣe ni yóò kàn máa mu pẹtiróòlù bí ẹni ń mu bùrùkùtù.

“Ẹ̀gbọ́n Jethro, ẹ́ńjìnnì Èkó yìí lẹ máa gbé. Àpò kọfí mẹ́ta péré.”

Àpò mẹ́ta ni gbogbo kọfí tí Jethro ká lọ́dún náà. Ó wo ẹ́ńjìnnì náà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Mọ́tò tirẹ̀ náà ti gun òkè rí, tèrò tẹrù, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣàìsàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Philip yìí kan náà ló ní ó ti kú, pé òun ti sin ín sẹ́yìn ilé, tí ó sì gbé òmíràn sí i. Láti ìgbà náà, gbogbo òkè di ọ̀tá. Jethro ti gbà pé ọjọ́ orí ni: ti mọ́tò, àti tòun.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Wá gbé kọfí.”

Ìyá, tí ó jókòó ti ẹ́ńjìnnì náà láti òwúrọ̀, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dìde. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lójú kan. Ó fi èékánná ha ọ̀dà ibẹ̀.

“Jethro, wá.”

“Kí ni, Yèyé?”

“Ìdérí agolo aáṣáà mi rèé.”

Philip rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ní Èkó ni wọ́n ti…”

“Ilà mẹ́ta tí mo fi ọ̀bẹ fà sí i kí orogún mi má baà gbé e, ṣé Èkó ni wọ́n ti fà á?”

Jethro bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìdérí náà ni, roboto, nínú ihò tí omi gbà jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan lórí òkè, tí òun fúnra rẹ̀ fi òkúta gbá a wọlé láti fi dí i. Ó fi ọwọ́ pa á. Ọdún méjì gbáko ló fi ń dá egungun ara rẹ̀ lẹ́bi.

“Philip,” ni ìyá wí, “òkú tí o sin ti jí?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ n lọ mú sípánà wá.”

Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀, ó fo kòtò, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Jethro kò lé e. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń wo Philip bí ó ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ọjà lọ láìsinmi, bí mọ́tò tí ohunkóhun kò ṣe.